Kò-Kò-Kà: Bàtà Bàbá Ọdẹ Wọ Agboolé

Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá bi yín pé ta ló sọ ọ́, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Èmi kì í ṣe olófòófó. Irun dídì ni iṣẹ́ mi, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé agboolé wa ni mo sì máa ń jókòó sí. Kò sí ẹni tó lè wọlé tàbí kó jáde kí n má rí i, n kò sì lè dijú nígbà tí mo bá ń la orí olórí. Ohun tí ojú mi bá rí ni ẹnu mi ń sọ. Bí ẹnìkan bá wá pe ìyẹn ní òfófó, ọ̀rọ̀ òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ bàtà Bàbá Ọdẹ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Minnesota ló fi í ránṣẹ́. Minnesota yìí, ní Amẹ́ríkà, ibi tí òtútù ti ń mú omi adágún dì títí mọ́tò á fi máa gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, tí ìjọba bá ṣí ìgbà àgbọ̀nrín, ọmọ náà ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ á gbààyè, wọ́n á gbé ìbọn, wọ́n á di inú igbó. Ó rí bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, ó ní bàbá òun kò ní í fi rọ́bà wọ igbó mọ́ láyé. Ọmọ nìyẹn! Tèmi tó wà ní Èkó, súwẹ́tà ló fi ránṣẹ́ sí mi nínú ooru oṣù kẹta. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìyẹn ṣì ń bọ̀.

Bàtà dé nínú páálí, gbogbo agboolé pé lé e lórí. Awọ màlúù ni, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó nípọn, ó ga dé ìdajì ojúgun. Idẹ ni wọ́n fi ká ihò okùn rẹ̀, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní eyín, ahọ́n rẹ̀ gùn, òórùn rẹ̀ sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fi èékánná ta á, ó dún kò. Mo ní, “Bàbá, ṣé awọ rèé àbí pákó?” Bàbá ní, “Ìyàwó, ẹnu rẹ ni yóò pa ọ́.” Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó dún kò, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbọ́ ọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹsẹ̀ Bàbá, torí ẹjọ́ bàtà, ẹjọ́ ẹsẹ̀ ni. Láti kékeré ni Bàbá Ọdẹ ti ń tọpa ẹran láìwọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ẹni tó bá dàgbà báyẹn máa ń fẹ̀ níwájú, àwọn ọmọ ìka á ya ara wọn sọ́tọ̀, oníkálukú á mú ilẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò rántí ìyẹn. Nọ́ńbà tó rí lára sálúbàtà tí Bàbá ń wọ̀ lọ kírun Iléyá ló gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù: 43. Wọ́n yí i sí ti Amẹ́ríkà, ó di nǹkan bí 10. Ó tán? Kò tán o. Ní Amẹ́ríkà, bàtà ọkùnrin tún máa ń ní lẹ́tà fún fífẹ̀. D ni ti ẹlẹ́sẹ̀ àárín. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbòòrò ni wọ́n ń fún ní E tàbí EE. D lọmọ wa rà. Sálúbàtà kò bi èèyàn ní lẹ́tà, ìka tó bá fẹ́ yọ jáde á yọ jáde.

Ẹ lè ní kí ló wá burú nínú bàtà rọ́bà. Kò burú. Bàtà rọ́bà ni gbogbo ọdẹ ìlú Ọ̀yọ́ yìí ń wọ̀. Kò wọ́n, omi kì í wọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ kì í gbẹ mọ́ ọn lára. Àmọ́ rọ́bà tí kò jẹ́ kí omi wọlé, kì í jẹ́ kí òógùn jáde náà. Bí Bàbá bá ti oko dé tó bọ́ ọ, Ìyá Àgbà, ìyálé wọn, á ní kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n sì gbé ẹni tó ni ín tẹ̀ lé e. Àti pé ejò wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ejò ń ṣán lóko, ẹsẹ̀ ló ti ń ṣán wọn, láti orúnkún wálẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sì í sá fún èèyàn. Inú ewé gbígbẹ ló ń sùn sí, ẹ ò ní í rí i títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Awọ tó nípọn báyẹn, tó ga báyẹn, eyín ejò á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kó tó dé ẹran ara. Ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà nìyẹn, ire ló sì rò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ sọ pé mo ní Bàbá ń dọdẹ nínú Pákì o. Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di pákì orílẹ̀-èdè lọ́dún 1991, ó fẹ̀ ju 2,500 kìlómítà níbùú lóròó lọ, ẹni tó bá yìnbọn níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ á gbé e. Oko ni Bàbá ń lọ, ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn, níbi tí ọ̀yà ti ń jẹ àgbàdo olóko. Mo ti sọ ọ́ báyìí, ó ti wà lákọsílẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ọdẹ ni Bàbá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde. Ó wọ gbérí, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó so okùn bàtà pinpin. Kò-kò-kà, kò-kò-kà, a gbọ́ ọ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, wọ́n ń pe “Ọ̀gá Sójà!” Inú Bàbá dùn, ó ń ju ọwọ́. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo ṣì ń di irun ẹnìkan lọ́wọ́, mo rí i tó ń bọ̀. Bàtà wà lọ́rùn, ó fi okùn so wọ́n pọ̀ kọ́ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn, orí ọmọ ìka ló fi ń tẹlẹ̀, gìgísẹ̀ kò kan ilẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ káàbọ̀.” Wọn kò dá mi lóhùn. Èmi náà kò bínú, irora ló gba ẹnu wọn.

Gìgísẹ̀ méjèèjì ló ti lé ròrò, èyí tó wà lápá òsì ti bó. Ìyàwó kékeré bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ọkọ òun ni. Ọmọ kan wà nínú agboolé wa tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ló sáré bọ́ síta. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú èyí tí kò tíì bẹ́, awọ tó bo omi náà ni bándéèjì tí Ọlọ́run fi dì í. Ó fi omi àti ọṣẹ fọ èyí tó ti bó, ó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé fún wa pé kì í ṣe líle bàtà nìkan ló ń fa ìléròrò. Bí gìgísẹ̀ bá ń gbéra nínú bàtà, tó ń padà, tó tún ń gbéra, tí òógùn sì wà níbẹ̀, awọ òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ti ìsàlẹ̀, omi á kún àárín. Ó wá yíjú sí Bàbá, ó bi í bóyá ó ní àtọ̀gbẹ. Bàbá ní rárá. Ọmọ náà ní ó dáa, torí ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo egbò ẹsẹ̀, irú egbò bẹ́ẹ̀ ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Bàbá wo bàtà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí i pé ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ díẹ̀.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán tí ìmọ̀ràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ mọ agboolé.

Bàbá Sójà ló ṣíwájú. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n títí dòní, bí ẹ bá ní ẹ kú àárọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń pa pọ̀ gbà. Ó gbé bàtà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Ìtọ̀.” A ní kí ni? Ó ní, “Tọ̀ sí i lálẹ́, dà á nù láàárọ̀, wọ̀ ọ́.” A rò pé àpárá ni, àmọ́ Bàbá Sójà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí àwọn ògbólógbòó kọ́ àwọn ní bárékè nìyẹn, lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti wá. Òótọ́ ni, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ ọ́ fún ara wọn tipẹ́. Kó má baà dà bí irọ́ pátápátá, àwọn oníṣẹ́ awọ ayé àtijọ́ a máa fi ìtọ̀ rẹ awọ kí irun rẹ̀ lè re, ìgbẹ́ ẹyẹlé sì ni wọ́n fi ń mú awọ rọ̀ ní ìlú Fẹ́ẹ̀sì, ní Mòrókò, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ awọ tútù nìyẹn, èyí tí wọn kò tíì ṣe. Awọ tó ti di bàtà, kí ló fẹ́ fi ìtọ̀ ṣe? Ìyá Àgbà ní bí ọkọ òun bá dán an wò, òun àti bàtà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n á jọ máa sùn.

Bàbá Sójà kò tíì parí. Bàbá tó bí i lọ sí ogun Bọ́mà. Kí ogun àgbáyé kejì tó dé, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń tò lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí ìhà Íńdíà àti Bọ́mà ni wọ́n kó bàtà fún wọn. Lọ́dún 1944, Dífísọ̀nù 81 wọn wà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, wọ́n ń fi orí ru ẹrù la igbó kọjá, òkè ń lọ, òkè ń bọ̀. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọ oko tí kò wọ bàtà rí, tí wọ́n wá de awọ líle mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ní kó máa rìn. Bàbá Sójà ní títí bàbá òun fi kú, bí wọ́n bá bi í ní ogun Bọ́mà, á ní ogun méjì ni òun jà níbẹ̀, Japan lọ́tọ̀, bàtà lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Oníbọ́kọ̀tọ̀ dé. Ìyẹn ní ọ̀rá ni bàtà fẹ́, òun sì ní ọ̀rá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Òróró tí àwọn Òyìnbó ti ń fi pa awọ láti ayébáyé, tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń pa gàárì, eegun ẹsẹ̀ màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, bọ́kọ̀tọ̀ gan-an! Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kì í dì bí ọ̀rá tó kù, ìgbà òtútù kò lè ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn Òyìnbó ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ìyá Oníbọ́kọ̀tọ̀ bu tirẹ̀ lórí ìkòkò, ti òun ti ata, ti òun ti iyọ̀, ti òun ti ewé efinrin, ó fi pa bàtà ọ̀tún dáadáa. Láàárọ̀, a kò rí bàtà ọ̀tún. Ajá ọdẹ Bàbá ló gbé e lọ sábẹ́ igi ọsàn, ó ti lá a mọ́ féfé. Ọlọ́run ló ní kò tíì ki eyín bọ̀ ọ́. Bàbá fẹ́ na ajá, ajá wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n se oúnjẹ fún tí wọ́n tún fẹ́ nà.

Èyí tó ba nǹkan jẹ́ gan-an ni ti ìyàwó kékeré. Ó rẹ́rìn-ín ọkọ rẹ̀ lánàá, ó fẹ́ fi inúure tún un ṣe. Ó fi omi gbígbóná fọ ata àti iyọ̀ kúrò lára bàtà, ó wá gbé e ti ààrò kó lè tètè gbẹ. Ìgbà tí a máa wò, ahọ́n bàtà ti ká jọ, etí rẹ̀ ti le gan. Bọ̀dá Oníṣọ̀nà, oníṣẹ́ awọ, ló wọlé lákòókò yẹn, ó kígbe, ó gbé bàtà kúrò nídìí iná. “Ìyàwó, ṣé pọ̀nmọ́ lo fẹ́ sè ni?”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ibẹ̀ lọ. Ẹ wo awọ tó tẹ́jú tó wọ ìkòkò pọ̀nmọ́: bí omi bá ti gbóná, á ká, á súnkì, á nípọn. Awọ bàtà náà kò gbàgbé pé awọ ni òun. Bọ̀dá Oníṣọ̀nà ní inú awọ, okùn tín-ín-rín ló hun ara wọn pọ̀, ohun tí oníṣẹ́ awọ fi ń ṣe é ló ń di àwọn okùn náà mú kí wọ́n má baà jẹrà. Bí awọ bá rin, tí ooru wá bá a, àwọn okùn náà á súnkì. Awọ tí wọ́n fi èèpo igi tàbí èso igi ṣe, omi kò tíì ní í hó tí yóò fi ká jọ. Èyí tí wọ́n fi kúrómù ṣe gbójú jù ú lọ. Láti ọdún 1884 tí Augustus Schultz ti gba ìwé ẹ̀rí olùhùmọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ayé ti ń ti ọ̀dọ̀ èèpo igi bọ́ sí ọ̀dọ̀ kúrómù, torí ohun tí èèpo igi ń fi oṣù ṣe, ìwọ̀nba ọjọ́ ni kúrómù ń fi ṣe é. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ìbáà jẹ́, ìdí ààrò kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Abẹ́ òjìji ni, kí ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kó fa omi mu.

Mo ní láti sọ díẹ̀ nípa Bọ̀dá Oníṣọ̀nà, torí ẹnu mi kò ní í gbà kí n kọjá lára rẹ̀. Ìdílé oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ni, àwọn tó ń fi awọ dárà fún Aláàfin láti àtayébáyé. Tìmùtìmù tí ẹ ń jókòó lé, àpò, làbà tí àwọn adóṣù Ṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, ìjánu ẹṣin, ọwọ́ wọn ló ti ń wá. Ó lẹ́wà díẹ̀, kò tíì fẹ́yàwó kejì. Mo kàn sọ ọ́ ni o. Awọ ewúrẹ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, Kano àti Sókótó ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, níbi tí wọ́n ti ń fi èso igi bàgàrúwá ṣe awọ láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wọn. Awọ yìí kan náà ni àwọn oníràkúnmí ń gbé gba aṣálẹ̀ kọjá láyé àtijọ́, tó bá dé Mòrókò, Òyìnbó á rà á níbẹ̀, wọ́n á ní awọ Mòrókò ni. Wọ́n fi di ìwé olówó ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ Kano kò jáde lẹ́nu ẹnìkan. Ohun tó ń bí Bọ̀dá Oníṣọ̀nà nínú jù láyé nìyẹn. Ó ṣì máa ń tutọ́ bó bá ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ tó ti mẹ́nu bà ni ìjà ti dé. Ó ní àwa Yorùbá ń jẹ bàtà. Ó ní lọ́dún 2022, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria dìde, ó ní kí wọ́n ṣòfin tí yóò ka jíjẹ pọ̀nmọ́ léèwọ̀, kí awọ lè tó fún àwọn tó ń fi ṣe nǹkan. Ìyá Oníbọ́kọ̀tọ̀, tí pọ̀nmọ́ wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, fi ọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní kí ọ̀gá náà wá sí Ọ̀yọ́ wá sọ ọ́. Ó ní bàtà Bàbá tí wọ́n fi awọ ṣe, ṣé ó yó ẹnìkan? Ẹsẹ̀ ló jẹ! Ó ní pọ̀nmọ́ tòun kò bó ẹnikẹ́ni ní gìgísẹ̀ rí. Gbogbo ilé pariwo. Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnìkan, torí mo ń jẹ pọ̀nmọ́, mo sì fẹ́ràn báàgì awọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ Minnesota pè, fídíò ni. Bàbá kò fẹ́ kó rí ẹsẹ̀ òun, ó gbé fóònù sókè títí tí ọmọ náà fi ń rí páànù nìkan. Èmi ni mo sọ fún un, mo gba ẹ̀yìn kọjá ni. Ọmọ náà káàánú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn tó kà nípa bàtà, kí Bàbá má baà bínú sí i. Ó ní ṣé a mọ̀ pé adúláwọ̀ ló ṣe ẹ̀rọ tó ń na awọ mọ́ bàtà? Jan Matzeliger lorúkọ rẹ̀, Paramaribo ní Suriname ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1852. Ó dé ìlú Lynn ní Massachusetts, níbi tí bàtà ṣíṣe ti gbilẹ̀. Lásìkò yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa awọ òkè bàtà mọ́ igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀, ọ̀jáfáfá kò lè ṣe ju nǹkan bí 50 lọ lóòjọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì ń gbéra ga, wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é láéláé. Matzeliger ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń fi igi àti irin àlòkù ṣe ẹ̀rọ lóru. Lọ́dún 1883 ó gba ìwé ẹ̀rí olùhùmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wá ń ṣe tó 700 lóòjọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á lọ́dún 1889, kò tíì pé ọmọ ọdún 37. Ìgbà tó di 1991 ni Amẹ́ríkà tó fi àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹpù.

Gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀. Bàbá Ọdẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fi ṣe é kó fẹ̀?”

Ọmọ tún sọ ti ọkùnrin kan ní Maine, Leon Leonwood Bean, ọdẹ àgbọ̀nrín ni òun náà. Ó sú u kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rin nínú bàtà awọ, ló bá rán òkè awọ mọ́ ìsàlẹ̀ rọ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1912. Nínú 100 àkọ́kọ́, 90 ni wọ́n dá padà, ojú ìránpọ̀ ló ya. Ó dá owó oníkálukú padà, ó yá owó, ó tún un ṣe, wọ́n ṣì ń tà á lónìí. Ìyàwó kékeré bi í bóyá wọ́n á dá owó bàtà Bàbá náà padà. Ọmọ ní òun ti ju rìsíìtì nù.

Ó kù sọ́wọ́ Bọ̀dá Oníṣọ̀nà nígbà náà. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe, kò fi òróró kan án. Ó ní àìsàn méjì ló wà, a sì ń pè é ní ọ̀kan: bàtà lè le, bàtà sì lè há. Líle á tán bí ó bá pẹ́. Híhá, ó dá lórí ibi tó ti há. Ó ní kí Bàbá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láìso okùn, kó tì í síwájú títí ọmọ ìka fi kan iwájú. Ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn gìgísẹ̀, ó wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ó ní a dúpẹ́, ó gùn tó. Bí gígùn ni kò bá tó, kò sí oògùn, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Fífẹ̀ ni kò tó, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe díẹ̀. Ó fi aṣọ tó rin díẹ̀ nu inú ibi tí ọmọ ìka ń wà, ó fi igi tí àwọn ṣúmékà fi ń na bàtà há a láàárín, ó gbé e sábẹ́ òrùlé títí ó fi gbẹ fúnra rẹ̀. Ó tún un ṣe. Ó wá yọ́ òrí díẹ̀ pọ̀ mọ́ ìda oyin, ó fi ìka pa á sí ibi tí bàtà ti ń ká nìkan, àti ahọ́n tí iná bà jẹ́. Díẹ̀ ni o! Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù lára awọ, ọrùn bàtà á dẹ̀ jẹ̀lẹ̀, kò ní í lè di ọrùn ẹsẹ̀ mú mọ́.

Èyí tó kù, ẹsẹ̀ ló máa ṣe é, kì í ṣe ọwọ́. Abẹ́ àtẹ́lẹ̀ irú bàtà yìí, wọ́n máa ń tẹ́ kọ́ọ̀kì síbẹ̀, kọ́ọ̀kì náà á sì máa rì díẹ̀díẹ̀ sí ìrísí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó lè bá ọ wọ tìrẹ. Nítorí náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Bàbá á wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, á so okùn kó di ọrùn ẹsẹ̀ mú kí gìgísẹ̀ má baà máa gbéra, á rìn dé ìdí odán, á padà. Nígbà tó yá, ó ń dé ọjà Akẹ̀sán. Bí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lẹ́sẹ̀, á bọ́ ọ kó tó di egbò.

Ibí ni ẹjọ́ mìíràn ti dé. Ìyàwó kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ọkùnrin tó ti dàgbà, tó ń wọ bàtà tuntun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tó ń gba ọ̀nà ọjà alẹ́ lọ, ta ló ń lọ rí? Wọ́n ti ń dárúkọ opó kan tó ń ta ẹ̀kọ. Ó wá bá mi. Èmi kò wá iṣẹ́, iṣẹ́ ló wá mi. Mo tẹ̀ lé Bàbá lọ́jọ́ kan, mo di iṣu méjì sínú agbọ̀n kó lè dà bíi pé ọjà ni mo ń lọ. Níwájú ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Oníṣọ̀nà ni mo bá a, ó na ẹsẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ opó yẹn ni o, mo mọ ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ nìkan ni mo rí, ohun tí mo sì lọ sọ nílé nìyẹn.

Bí òjò bá wá rọ̀ tí kò lè jáde, inú àgbàlá ló ti ń rìn lóru. Ìyá Àgbà jí lóru ọjọ́ kan, ó gbọ́ kò-kò-kà lójú fèrèsé, ó figbe ta, “Olè!” Kí Bàbá Sójà tó dé pẹ̀lú kóńdó, kí ọmọ nọ́ọ̀sì tó tan iná, Bàbá ti dọ̀bálẹ̀ sáàárín àgbàlá, ìró ló ró, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. N kò lè sọ èyí tó kù.

Nígbà tí bàtà gbà tán, tó ti ń ká níbi tí ẹsẹ̀ ń ká, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kìí-ìn, kìí-ìn, ní gbogbo ìgbésẹ̀. Èyí ló dun Bàbá jù. Ó ní egbò ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n ẹtu kì í dúró de ẹni tí bàtà rẹ̀ ń kọrin. Bọ̀dá Oníṣọ̀nà ní àwọn ìpele awọ ló ń ha ara wọn, kí wọ́n gbé awọ inú sókè, kí wọ́n da páúdà sábẹ́ rẹ̀. Páúdà àwọn ìbejì tó wà ní yàrá kẹta ni wọ́n lò. Igbe náà rọlẹ̀, àmọ́ bí Bàbá bá ti oko dé báyìí, tó bọ́ bàtà, òórùn ọmọ ìkókó ló máa ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà kò ní kí wọ́n gbé nǹkan kan lọ sí ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Bí ẹ bá bi mí, bàtà náà dára. Bàbá ń wọ̀ ọ́ lọ sóko, ó ń wọ̀ ọ́ ṣọ́ àdúgbò lóru, àwọn olè sì ti mọ ìró rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbúròó ẹran, ó máa ń tú okùn, á bọ́ méjèèjì sí ìdí igi, á fi ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún un lọ bá a. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà sálúbàtà ra bàtà fún àwọn bàbá yín mọ́. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì lé ìwé, kí ẹnìkan fi bírò fa ìlà yí i ká, ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n sì ṣe é, torí ẹsẹ̀ máa ń wú bí ọjọ́ bá ń lọ. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn sínú páálí. Kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.